Ilé-ìwé mẹ́ta gba ọmọ yín ní Amẹ́ríkà: ibo ni iṣẹ́ òbí wà?

Ìparí oṣù Kẹta ni èsì máa ń jáde ní àwọn yunifásítì tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń parí ilé-ìwé girama níbẹ̀ ló ti kọ̀wé sí ibi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kò sì ṣàjèjì kí mẹ́ta tàbí márùn-ún gbà wọ́n. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni gbèdéke ìdáhùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí oṣù kan ni ìdílé fi ń pinnu ohun tó lè gba 200,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland kò bá irú èyí pàdé nígbà tiwọn. Nílé, JAMB ló wà láàárín ọmọ àti yunifásítì. Bí orúkọ bá ti jáde níbì kan, ọpẹ́ ló kù. Kò sẹ́ni tó ń kó àdímíṣọ̀n márùn-ún síwájú ọmọ pé kó mú èyí tó wù ú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àkísà tí bàbá àti ìyá ní, aṣọ ìlú mìíràn ni.

Orúkọ ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń wò, mi ò sì bá wọn wí. Orúkọ dùn-ún pè níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ó wá ń mówó wọlé fún ọmọ lọ́la? Ní 2002, Stacy Dale àti Alan Krueger, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tí irú ilé-ìwé kan náà gbà, àmọ́ tí àwọn kan lọ síbi tó lórúkọ jù, tí àwọn kan kò lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, owó tó ń wọlé fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ tálákà ni wọ́n rí i pé ilé-ìwé ńlá ràn lọ́wọ́ gan-an. Ní 2023, Raj Chetty àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rí i pé àwọn ilé-ìwé bíi Harvard àti Yale ń la ọ̀nà fún ọmọ láti wọ àárín ìwọ̀nba díẹ̀ tó lówó jù ní ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ yòókù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ilé-ìwé ńlá yìí àti yunifásítì ìpínlẹ̀ tó dára kò pọ̀. Orúkọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tó èyí tí à ń fọkàn sí.

Ibi tí òbí ti wúlò jù ni ìwé kejì tó máa ń tẹ̀lé ìwé ìgbaniwọlé, èyí tí ilé-ìwé fi ń sọ ìrànwọ́ owó tí ọmọ yóò rí gbà. Ìwé náà ṣòro kà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2018, àjọ New America àti uAspire yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò láti ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Ilé-ìwé 455 ló fi ẹ̀yáwó ìjọba kan náà síbẹ̀, orúkọ 136 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì pè é. 24 nínú àwọn orúkọ náà kò mẹ́nu kan ẹ̀yáwó rárá. Ní 2022, GAO, àjọ tó ń bá ilé aṣòfin yẹ ìnáwó ìjọba wò, fojú bù ú pé ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-ìwé ni kì í sọ iye gan-an tí ìdílé yóò san, tàbí tó ń sọ ọ́ kéré ju bó ṣe rí lọ.

Nítorí náà, ẹ mú bírò. Ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún kan sílẹ̀: owó ilé-ìwé, ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, owó ọkọ̀. Ẹ̀bùn tí a kì í san padà nìkan ni kí ẹ yọ kúrò níbẹ̀. Ẹ má yọ ẹ̀yáwó. Ẹ má yọ owó work-study náà, torí ọmọ ní láti ṣiṣẹ́ kó tó gbà á díẹ̀díẹ̀. Ká ní ilé-ìwé kan tó ń gba 88,000 dọ́là fún ọmọ yín ní ẹ̀bùn 50,000, tí yunifásítì ìpínlẹ̀ yín tó ń gba 31,000 sì fún un ní 6,000 péré. Ẹ̀bùn ti àkọ́kọ́ ló ń dán, àmọ́ 38,000 ni ẹ ó máa wá lọ́dọọdún níbẹ̀. 25,000 ni ti ìkejì. Ní ọdún mẹ́rin, ìyàtọ̀ wọn di 52,000 dọ́là. Nígbà mìíràn sì rèé, ilé-ìwé tó dà bíi pé ó wọ́n jù ló máa ń rọrùn jù. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, Harvard ní òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju 100,000 dọ́là lọ, bí ohun-ìní wọn bá wà níwọ̀n.

Owó tó bá ṣẹ́kù láti wá ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún àwọn òbí. Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ọmọ fúnra rẹ̀ kò ju 5,500 dọ́là lọ ní ọdún àkọ́kọ́, àti 27,000 ní ọdún mẹ́rin. Bí kò bá tó, wọn yóò gbé ẹ̀yáwó ìjọba mìíràn, Parent PLUS, wá fún òbí. Òbí ló ń tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀, òbí ló jẹ gbèsè náà, ìjọba kì í sì í gbà kí a yí i sí orúkọ ọmọ. Èlé rẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 lé ní ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 fi ààlà sí i, 20,000 dọ́là lọ́dún àti 65,000 lápapọ̀ lórí ọmọ kan, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje 2026. Ààlà náà ṣì ga. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lóṣooṣù, tó tún ń gbọ́ bùkátà àbúrò, kò yẹ kó tìtorí àánú ọmọ nìkan tọwọ́ bọ ìwé yẹn.

Ẹ sọ iye tí agbára yín ká fún ọmọ, ẹ má fi bò. Yóò dùn ún bó bá gbọ́ ní oṣù Kẹrin, àmọ́ ó sàn ju kó gbọ́ ọ ní ọdún kejì, kó sì padà sílé láìgboyè. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín tàbí tí àìsàn gbówó lọ lẹ́yìn tí ẹ ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó ilé-ìwé náà, ẹ fi ẹ̀rí tì í. Òfin fún wọn láṣẹ láti tún ìṣirò ìrànwọ́ tí ọmọ yóò gbà ṣe, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Láàárín àwọn ilé-ìwé tí owó yín ká, ẹ jẹ́ kí ọmọ yàn. Èyí ló ń nira jù nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n FERPA, òfin tó ti wà láti 1974, gbé àṣẹ lórí èsì ẹ̀kọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ bó bá ti wọ yunifásítì, ìbáà jẹ́ òbí ló ń san gbogbo owó. Ẹni tó fi tipátipá ti ọmọ sídìí iṣẹ́ dókítà lè má tètè mọ̀ pé ọmọ ti pa á tì.

Bó bá ti yàn, ẹ san owó ìdáàyèsí fún ilé-ìwé kan ṣoṣo kí gbèdéke tó pé. Wọn kì í sábà dá a padà. Kí ọmọ sì kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an sí àwọn yòókù pé òun kò wá mọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ń dúró de àyè yẹn.