Ìwọ̀ ní Odò Ọya: Ẹ̀kọ́ fún Ará Òkè tí Ó Ṣí Lọ sí Lọ́kọ́ja

Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí Lọ́kọ́ja sì di olú-ìlú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni iṣẹ́ ìjọba, òwò tàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ Olúwa ti mú sọ̀kalẹ̀ láti Kàbà lọ sí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Ọ̀nà náà kò pé 100 kìlómítà, ṣùgbọ́n oko iṣu ni àwọn baba wa kọ́ wa, wọn kò kọ́ wa ní odò ńlá. Nísinsìnyí àwọn ọmọ wa ń béèrè ìwọ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ó sọ fún wọn.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa ròyìn ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bass. Kò sí i nínú Odò Ọya, ṣùgbọ́n èyí tí ìwà rẹ̀ jọ ọ́ ń bẹ níbẹ̀: òun ni àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, èyíinì ni erin omi. Ó lè gùn tó mítà méjì. Ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. A máa lúgọ sí ẹ̀bá àpáta àti igi tí ó rì, níbi tí omi ti ń ṣàn, nítorí kò fẹ́ omi tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹja kékeré tí ó wà láàyè ni a ń fi ṣe ìjẹ fún un. Ekòló dára fún àwọn ẹja wẹ́wẹ́. Òru sì ni kí a dẹ àrọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìgbà omi. Odò Ọya a máa kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Òjò ilẹ̀ wa ni ó ń mú èkíní wá. Omi ẹlẹ́rẹ̀ ni, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni ó ń ga jùlọ. Òun ni ó wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2012 àti 2022. Èkejì ń ti òkè Gínì wá gba Málì, ó ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà ibẹ̀, ó sì ń dé Nàìjíríà ní mímọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbà ní odò kì í kún kí ó bo ẹja lójú; ṣùgbọ́n a máa bo apẹja lójú. Kí ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ dúró de ìgbà tí omi bá fà, kí ó sì ti etí odò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni olùkọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá bí tiwa, wá sí odò yìí ní 1841. Ó kọ́ èdè Nupé, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀. Kí àwa náà kí àwọn apẹja Kakanda àti Nupé kí a tó ju ìwọ̀, kí a sì bi wọ́n léèrè. Wọ́n mọ̀ pé yanrìn odò ń ṣípò pa dà lọ́dọọdún, àti pé omi a máa jẹ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ya lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọmọdé kò gbọdọ̀ dá lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ni ìfòfindè ara ẹni. Àwọn kan ń da Gamalín 20, oògùn kòkòrò inú oko, sínú omi. Ó ń pa ìyá ẹja pẹ̀lú ọmọ, ẹni tí ó jẹ ẹja náà àti ẹni tí ó mu omi náà sì wà nínú ewu. Kí òbí sọ èyí fún ọmọ kí ó tó fún un ní ìwọ̀. Ẹja tí kò tíì dàgbà, kí ó dá a pa dà sínú omi.

Nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibì kan ṣoṣo ni a ti dárúkọ ìwọ̀: Mátíù orí 17. Ẹja kan ni Pétérù fà, owó orí ènìyàn méjì ni ó bá lẹ́nu rẹ̀, ó sì tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ bí a ti í mọ ohun tí ó tó.