Ẹ̀gbà Ọrùn Màmá Kì Í Ṣe Wúrà

Àpótí kékeré kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìdílé kan ká ní Nombakélé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Libreville, olú ìlú Gabon. Ìyá tó ni àpótí náà ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dolóògbé. Ẹ̀gbà ọrùn kan ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n bíi wúrà, òkúta funfun sì ń tàn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni àkọ́bí, òun lòun ni ín. Àbúrò ní òun lòun tọ́jú màmá dọ́jọ́ ikú. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì pín owó rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ wúrà yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: “Ẹ̀yin àǹtí mi, fantaisie lèyí o.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣọ́ tó jọ wúrà àmọ́ tí kì í ṣe wúrà níbẹ̀. Àbúrò bú sẹ́kún. Ṣé wọ́n lu màmá ní jìbìtì ni, àbí màmá ló tan àwọn ọmọ rẹ̀?

Ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré ló ti wá

Orúkọ kan wà lẹ́yìn ẹ̀gbà náà tí wọ́n kọ wínníwínní: Trifari. Ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ni ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953, ẹ̀ṣọ́ péálì àtọwọ́dá tí Trifari ṣe ni Mamie Eisenhower, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ̀ lọ síbi ijó ìbúra ọkọ rẹ̀.

Sinimá ló jẹ́ kí irú ẹ̀ṣọ́ yìí gbòde kan. Ní 1934, fíìmù The Affairs of Cellini jáde. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ìgbàlódé ni wọ́n fi sára òṣèré. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugene Joseff ṣàríwísí rẹ̀ létí Walter Plunkett, tó ń ṣètò aṣọ fíìmù. Ìyẹn ní tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe tiẹ̀. Joseff sì ṣe é! Òun ló ṣe ẹ̀ṣọ́ fún Gone With the Wind ní 1939. Torí pé wúrà máa ń kọ mànà jù tí iná kámẹ́rà bá tàn sí i, ó wá àwọ̀ wúrà kan tí kì í dán púpọ̀. Kì í ta ẹ̀ṣọ́ náà fáwọn oníṣẹ́ fíìmù, ṣe ló ń fi háyà. Nígbà tó yá, ó ń ṣe irú rẹ̀ fáwọn ilé ìtajà, kí obìnrin tó ń gbowó oṣù náà lè rà á. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ló pa á ní 1948, ìyàwó rẹ̀ Joan sì ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Kódà nínú Gentlemen Prefer Blondes, tó jáde ní 1953, bí Marilyn Monroe ṣe ń kọrin nípa dáyámọ́ńdì, dígí ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ṣé kò wá níye lórí ni?

Ní 1996, wọ́n gbé péálì àtọwọ́dá Jacqueline Kennedy sí gbàǹjo ní New York. Iye tí wọ́n rà á jẹ́ 211,500 dọ́là. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń sanwó lé lórí.

Àwa Yorùbá náà mọyì dígí. Ní Igbó Olókun nílùú Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, látọwọ́ àwọn baba ńlá wa. Dígí ni sẹ̀gi, síbẹ̀ ọrùn ọba ló ń gbé.

Torí náà, kò sẹ́ni tó lè bá ẹni tó ṣe fantaisie jà. Ẹni tó bá tà á ní iye wúrà ló ṣe jìbìtì.

Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé

● Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá orúkọ wà níbẹ̀. Bí àmì © bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Trifari, ẹ̀yìn ọdún 1955 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbà pé iṣẹ́ ọnà ni irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, òfin sì lè dáàbò bò ó.
● Ẹ má ṣe rì í sómi. Bébà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà lẹ́yìn dígí náà. Tómi bá wọ̀ ọ́, á dúdú. Aṣọ múlọ́múlọ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún.
● Ẹ kọ́kọ́ fín lọ́fínńdà, kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.
● Ẹ fi aṣọ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa ha ara wọn.

Ọ̀rọ̀ wo ló parí ìjà náà?

Àbúrò màmá wọn ló pè wọ́n jókòó. Ó ní òyìnbó obìnrin kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta ẹ̀gbà náà fún màmá wọn, òkúta rẹ̀ sì jọ ti òṣèré kan tí màmá ti rí nínú sinimá. “Màmá yín ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé wúrà ni. Ẹ̀yin náà ni ò bi í.” Ó wá kó fọ́tò jáde. Ọjọ́ ìkómọjáde ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbà náà wà lọ́rùn màmá. Ti àbúrò náà, ó wà níbẹ̀.

Wọn ò tà á mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn kékeré ló wà báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ níbi ìdána rẹ̀, ọmọ àbúrò á sì wọ̀ ọ́ nígbà tó bá kàn án. Àǹtí méjèèjì ti kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, ó sì wà nínú àpótí náà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ìyá yín bá ṣì wà láàyè, ẹ bá wọn ṣí àpótí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè.