Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló dé tí Ubuntu fi ń kọ̀ láti gba ohun tuntun?

Ẹ tẹ sudo apt upgrade, ó ní "Could not get lock"?

1. Ẹ fara balẹ̀. Unattended-upgrades ló sábà máa ń fà á: ó ń fi àtúnṣe ààbò sórí kọ̀ǹpútà lábẹ́lẹ̀, ètò méjì kò sì lè di dpkg (irinṣẹ́ tó ń fi ètò sórí Ubuntu) mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó parí.

2. Àwọn kan á ní kí ẹ pa fáìlì lock-frontend rẹ́. Ẹ má gbọ́ tiwọn o! Iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ lè dàrú.

3. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ tẹ sudo dpkg --configure -a, kó parí èyí tó kù.

Tó bá ṣì ń kọ̀, ẹ tún fi df -h wò ó bóyá /boot ti kún.

Ẹ bá wa ṣe ṣíà ẹ̀ fún ẹni tó ń lo Ubuntu.