"Science Student": Ìkìlọ̀ Ni àbí Ìpolówó?

Ẹni tó bá wà níbi inter-house wa ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré sísá. DJ gbé "Science Student" ti Olamide sí i, gbogbo pápá bá dà rú. Àwọn tó ń fa okùn ju okùn sílẹ̀, wọ́n ń jó ṣàkù-ṣàkù. Orin náà ò tíì dé ìdajì tí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa fi lọ fa wáyà spíkà yọ. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe àwọn tó fẹ́ràn Olamide àti àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ló ń bá ara wọn jà o. Àwọn olólùfẹ́ Olamide fúnra wọn ni! Àwọn tó mọ orin rẹ̀ lórí bí ẹni mọ táìmù-tébù, wọ́n pín sí méjì lábẹ́ igi máńgòrò. Apá kan ní, "Ìkìlọ̀ ni." Apá kejì ní, "Ìkìlọ̀ kẹ̀? Ìpolówó oògùn olóró ni jàre!" Ní báyìí tí send-off àwọn SS3 ti ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún ti jí: ṣé ká fi orin yìí sínú èyí tí DJ máa lò, àbí ká yọ ọ́? Ọmọ kílàásì sáyẹ́ǹsì ni èmi náà, orúkọ wa ni wọ́n fi kọ orin. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Kí ni orin náà ń sọ gan-an?

Oṣù kìíní ọdún 2018 ni Olamide, ọmọ Bariga, gbé orin náà jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, YBNL. Ìlù rẹ̀ bá ijó ṣàkù-ṣàkù mu, ijó tí àwọn ọmọ Agége gbé dìde kó tó gba gbogbo Èkó kan. "Science student" tó ń sọ kì í ṣe àwa tí à ń kọ́ físíìsì àti kẹ́mísírì. Orúkọ àdúgbò ni, fún ẹni tó ń po oògùn mọ́ oògùn, tó tún ń da ọtí sí i, kí ojú rẹ̀ lè yí padà. Olamide dárúkọ irú àwọn àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orin náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí NBC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fi ní kí wọ́n má gbé e sáfẹ́fẹ́ mọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2017, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí "Wo", orin Olamide kan náà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ètò ìlera sọ pé sìgá tí wọ́n ń mu nínú fídíò "Wo" tako òfin tábà ti ọdún 2015. Olamide dáhùn nígbà náà pé òun ò ní in lọ́kàn láti polówó tábà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ni pé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni agbára NBC mọ. NBC ò lè wọ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò lè yọ mẹ́mọ́rì kádì inú danfo tó ń lọ Sábo, kò sì lè dá ẹni tó ń fi Xender fi orin ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, òfin yẹn ò pa orin náà. Ó kàn mú un kúrò níbi tí àgbàlagbà kan ì bá ti sọ̀rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn tó bá dún tán, ó sì fi í sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ nǹkan kan.

Apá méjèèjì ní ẹjọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní ìkìlọ̀ ni. Wọ́n ní kí èèyàn dárúkọ ohun burúkú kò túmọ̀ sí pé ó ń yìn ín. Òótọ́ ni. Àwa Yorùbá gan-an la ni irú orin bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún Òkè'bàdàn, ní ìlú Ìbàdàn, orin èébú ni wọ́n ń kọ kiri ìgboro. Ní ilẹ̀ Kétu, lálẹ́ ọjọ́ ẹ̀fẹ̀ tó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ máa ń fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́, gbogbo ìlú á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹlẹ́fẹ̀ tó kọrin nípa olè ń polówó olè jíjà.

Àwọn tó ní ìpolówó ni náà lẹ́jọ́. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ ìkìlọ̀, kí ló dé tó ń dùn tó báyìí?" Wọ́n ní ìlù ni ara kọ́kọ́ ń gbọ́, ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ọmọ JSS1 tó ń jó o ò mọ̀ ju pé "science student" ń gbádùn ara rẹ̀ lọ.

Mo dán an wò. Mo kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀, mo wá kà á sókè fún àwọn mẹ́rin kan ní kílàásì wa láìsí ìlù, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Kò sẹ́ni tó jó. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ṣàkù-ṣàkù, ní, "Ah, àṣé báyìí ló ṣe rí." Mo wá ní kí wọ́n gbé e sí fóònù. Kí á tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ ti ń jó nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn rí. Lọ́dún 1984, Bruce Springsteen gbé "Born in the U.S.A." jáde ní Amẹ́ríkà. Orin náà sọ ìtàn ọkùnrin kan tó lọ jagun ní Vietnam, tó padà dé tí kò rí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ ń dún bí ìlù ayẹyẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pa ariwo lé e bí ẹni ń yin orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, Ààrẹ Ronald Reagan dárúkọ Springsteen níbi ìpolongo ìbò, ó ní ìrètí wà nínú orin rẹ̀. Nígbà tó yá, Springsteen bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá nìkan kọ orin náà, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ibi tí ẹ̀fẹ̀ àti "Science Student" ti yàtọ̀

Mo ronú lé e títí, mo wá rí i pé ìbéèrè tí à ń bi ara wa ló kù díẹ̀ káàtó. À ń béèrè ohun tí Olamide ní lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè rí inú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kọrin bá ló yẹ ká wò. Tí ẹlẹ́fẹ̀ bá kọrin bá olè, olè á fi ojú pamọ́, torí pé gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èébú ni. Tí "Science Student" bá dún, ẹni tí wọ́n ń kọrin bá ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Ó ti sọ èébú di oríkì.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó wà nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, máa ń bá wọn gbé ẹrù ní Èbúté Ìpakodò. Oògùn ikọ́ tó ní codeine ló ń mu, ó ń da nǹkan mìíràn sí i. Tó bá ti ń bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé orin náà sí i, wọ́n á ní, "Science!" Òun náà á dáhùn pé, "Professor!" Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin, ó sùn, a ò lè jí i mọ́. Ó ń mí, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó tún mí. Bàbá mi àti ìyá rẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di hospitù. A dúpẹ́ pé ó wà láàyè. Kò tíì padà sí iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo lọ kà nípa rẹ̀. Codeine àti morphine, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń sọ díẹ̀ nínú codeine di morphine. Díẹ̀ á dá ikọ́ dúró, àpọ̀jù á mú kí mímí falẹ̀, tí ọtí bá sì wọ̀ ọ́, mímí lè dúró pátápátá. Ẹ rántí lábù wa. Ká tó da ásíìdì sí béèsì, a máa fi pípẹ́ẹ̀tì wọn 25 cm³ dé ojú àmì, igò kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ lára. "Science student" àdúgbò kì í wọn nǹkan kan, kò sì mọ ohun tó wà nínú igò. Ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọ ìlú, ní ọjọ́ kejì tí BBC gbé fíìmù ìwádìí lórí rẹ̀ jáde.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń mu codeine kí orin náà tó jáde, ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru Olamide ń tan ara rẹ̀ ni. Orin náà ò fún un ní oògùn, ohun tó fún un ni orúkọ tó lè máa jẹ́ kiri láìtijú. Àwa tí à ń pè é bẹ́ẹ̀ la bá a fi ṣe oríkì.

Èrò tèmi nìyí

Mo ṣì fẹ́ràn orin náà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti dún láti ilé aládùúgbò wa, ìyá ẹ̀gbọ́n mi á dìde wọlé, á ti ilẹ̀kùn, bí ooru tilẹ̀ mú. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní tèmi, ká yọ orin náà kúrò lọ́jọ́ send-off. Kì í ṣe torí NBC, kì í sì í ṣe torí ẹni tó fa wáyà yọ. Ṣebí ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà yọ gan-an la kọ ọ́ lẹ́nu dé bọ́sítọ́ọ̀pù? Mo ní ká yọ ọ́ torí pé lọ́jọ́ ijó, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ká gbé e wá síbi debate wa, ká kà á sókè láìsí ìlù, kí apá méjèèjì wá rojọ́. Ká sì jáwọ́ nínú pípe ẹni tó ń mu oògùn ní "Science". Ẹ pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ èsì rẹ̀ sínú pépà, kó jù ú sínú àpótí Press Club. A máa lẹ̀ ẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.