Rọ́bà Tó Ń Fa Benzene Jáde Nínú Omi

Omi kànga la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Lọ́dún 2011, àjọ UNEP gbé ìròyìn jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers. Nínú kànga kan ní Ogale, benzene ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé omi náà ti bàjẹ́, àmọ́ wọn ò ní òmíràn. Òun ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Benzene sì máa ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìwọ̀n tí WHO fọwọ́ sí ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà omi kan. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá pín omi náà sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, benzene ò gbọdọ̀ ju ìdá kan ṣoṣo lọ. Imú ò lè gbóòórùn ìyẹn láéláé. Báwo wá ni ẹ̀rọ kékeré ṣe máa rí i?

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ra kẹrosíìnì rí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, omi tẹ́ ẹ bá pọn sínú ẹ̀ á ṣì máa rùn, torí kẹrosíìnì ti wọ inú ike yẹn fúnra ẹ̀. Omi ò lè wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Benzene náà fẹ́ràn ike àti rọ́bà ju omi lọ, ohun táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń lò nìyẹn. Wọ́n á mú quartz pẹlẹbẹ kan, irú òkúta tó wà nínú aago ọwọ́, àmọ́ eléyìí ń gbọ̀n bí ìgbà mílíọ̀nù 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á fi rọ́bà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ bò ó. Tí benzene bá wọnú rọ́bà náà, á wúwo sí i, òkúta ò sì ní gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó dínkù yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà. Lójú tèmi o, rọ́bà ló ń ṣiṣẹ́. Òkúta yẹn, òṣùwọ̀n lásán ni.

Ibi tó ti le ni pé toluene àti xylene, tí wọ́n jẹ́ ẹbí benzene, ń wọ rọ́bà kan náà. Kódà, rọ́bà ń gbà wọ́n ju benzene lọ, bẹ́ẹ̀ benzene ló léwu jù. Ìyára ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: benzene kéré, kíá ló ń wọlé, kíá ló ń jáde; xylene máa ń pẹ́.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí ká kàn gbé omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ benzene máa ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Tí ìdérí ìgò ò bá le dáadáa, tí ìgò sì pẹ́ nínú mọ́tò tóòrùn ń pa, iye tí wọ́n máa rí lọ́hùn-ún á kéré sí ohun tó wà nínú kànga. Ìdí nìyẹn tó fi wù mí kí ẹ̀rọ lọ bá omi létí kànga, kí ẹni tó ń pọn ọ́n rí iye náà fúnra ẹ̀.