ÌGBAFẸ́ ỌDÚN: ṢÉ KÁ SINMI LỌ́SÀN-ÁN NI, ÀBÍ KÁ MÁA BÁ A LỌ?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ayé ti yí. Láyé àtijọ́, bí ọdún bá dé, a ó pa ẹran, a ó gbé oúnjẹ kiri ilé ẹbí, ó parí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gba ìyẹn mọ́. Wọn á ní, "Dádì, níbo lẹ ń mú wa lọ?" Nítorí náà, bó bá ti di ọjọ́ kejì Iléyá tàbí ìtúnu ààwẹ̀, tàbí ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ẹ dúró lẹ́bàá títì tó ti Ọ̀fà wá sí Òṣogbo, ẹ ó rí bọ́ọ̀sì tó kó ẹbí láti Òkukù, láti Ìnísà àti láti Ìkìrun. Aṣọ tuntun lọ́rùn, kúlà ìrẹsì lẹ́sẹ̀, ariwo ọmọdé á gba gbogbo títì.

Àwọn kan ń lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Àwọn kan ń lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já bọ́ ní ìpele méje. Àwọn tí owó wọn bá gbà á a tẹ̀ ẹ́ dé Ìbàdàn, wọn á wo ọgbà ẹranko Yunifásítì, tàbí kí wọ́n lọ sí ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí omíyalé Ògùnpa ba ibẹ̀ jẹ́ ní 1980, tí wọ́n sì ti tún un ṣe.

Ìbéèrè mi nìyí: bí oòrùn bá dé àtàrí, ṣé ká sinmi ni, àbí ká máa bá ìgbafẹ́ lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Ní oṣù April ọdún 2024, ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó gbogbo wa jáde láti Ìkìrun. Àwa mọ́kànlá ni: òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn mẹ́rin, ọmọ aládùúgbò méjì, ìyá wa àgbà, èmi àti dẹ́rẹ́bà. Aago márùn-ún ìdájí la gbéra. Ibi ìgbafẹ́ kan ní ìlú ńlá kan la lọ. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò.

Láàárọ̀, ó dùn. Àwọn ọmọ gun jangirọ́fà, wọ́n gun ẹṣin onírin tó ń yí po, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá, màmá wa àgbà ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sábẹ́ igi ọ̀hún yẹn, oòrùn yìí ti le jù."

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Màmá, owó ni mo san lẹ́nu géètì. A ò rìn láti Ìkìrun wá jókòó sábẹ́ igi. Ṣé kò sígi ní Ìkìrun ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo jẹ́wọ́. A lọ tò sórí ìlà ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọdé. Kò sí ibòji lórí ìlà náà, èrò sì pọ̀ bí omi. A dúró, a dúró. Àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ léèsì tuntun, gèlè kékeré sì wà lórí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé orí ń fọ́ òun. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀ kó kàn wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ nǹkan kan mọ́. A rò pé ó ti dákẹ́ ni. Àṣé ara ọmọ ti ń gbóná bí iná. Ká tó mọ̀, ó ti ṣubú lulẹ̀ gbì!

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wo ariwo! Ẹnì kan ń pariwo pé ká da omi sí i lẹ́nu. Ẹnì kan ní ká sáré wá àgbo onítọ̀ màlúù. Ìyá ọmọ dìde, ó ṣubú, ó tún dìde. Ọlọ́run ló yọ wá: nọ́ọ̀sì kan tó mú àwọn ọmọ tirẹ̀ wá síbẹ̀ ló já gèlè àti léèsì kúrò lára ọmọ náà. Ó gbé e sábẹ́ igi, igi kan náà tí màmá fi hàn wá. Ó fi aṣọ tútù nù ún láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ká máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ó sì tẹ̀ lé wa dé ọsibítù.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ náà kò tíì tán. Alẹ́ la kúrò ní ọsibítù. Dẹ́rẹ́bà wa tí kò fojú kan oorun láti ìdájí, tó ti bá wa sáré kiri nínú oòrùn, bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé lójú ọ̀nà. Igbe màmá ló jí i nígbà tí táyà ti ń jẹ ẹnu títì. Nígbà tí a délé, kò sẹ́ni tó lè jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀.

ÀWỌN BABA WA MỌ̀ Ọ́N

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Mo bá àgbẹ̀ kan ní Òkukù, bàbá arúgbó, jókòó. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí àwọn ń roko, aago kì í sí lọ́wọ́ àwọn, òjìji àwọn ni aago. Bí òjìji bá ti kéré tán sábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn á gbé ọkọ́ sílẹ̀, àwọn á bọ́ sí ahéré tàbí abẹ́ igi, àwọn á sun iṣu jẹ, àwọn á mu omi, àwọn á rẹjú. Nígbà tí oòrùn bá yẹ̀, àwọn á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, iṣẹ́ nìyẹn. Eré ni tiwa." Ó ní, "Ọmọ mi, oòrùn ò mọ eré yàtọ̀ sí iṣẹ́."

Ẹ rò ó wò. Ta ni a kò kìlọ̀ fún ní kékeré pé kó má rìn kiri lọ́sàn-án gangan? Wọ́n á ní iwin ń rìn nígbà náà. Aláboyún, wọn kì í jẹ́ kó jáde rárá. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ iwin gbọ́, tàbí ẹ ò gbà á, ara ọmọ àti ara aláboyún ni ìkìlọ̀ náà ń dáàbò bò. Àwọn Mùsùlùmí wa náà mọ kailula, oorun ọ̀sán díẹ̀ tí àwọn àáfáà máa ń sọ pé sunna ni. Àní ayò tí àwọn bàbá ń ta lábẹ́ igi ọ̀dán, ìgbà wo ni wọ́n ń ta á jù? Ìgbà tí oòrùn bá mú ni.

ÌLÚ ÒYÌNBÓ ŃKỌ́?

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni oòrùn ń bá jà. Ibi ìgbafẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé, Disneyland ní California, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 17 oṣù July ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i. Oòrùn ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà títì tuntun fi rọ̀, tí bàtà gogoro àwọn obìnrin ń rì sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ omi mímu kò tó, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ omi ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń lọ sí irú ibẹ̀ ló ti kọ́gbọ́n: wọn á dé nígbà tí géètì bá ṣí, wọn á padà sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, ọmọ á sùn, wọn á tún wá nírọ̀lẹ́.

Èyí tó kan àwa gan-an ni ti Mẹ́kà. Nígbà iṣẹ́ Hajj ní oṣù June ọdún 2024, ooru ibẹ̀ lé ní 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ìjọba Saudi fúnra wọn kéde pé èèyàn 1,301 ló kú, wọ́n sì ní ọ̀pọ̀ wọn ló rìn ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji. Ní orílẹ̀-èdè kan náà, òfin wà pé láti 15 June sí 15 September, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago méjìlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí wọ́n bá fòfin gba àgbàlagbà tó ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ oòrùn, ọmọ ọdún márùn-ún tó ń ṣeré ńkọ́?

WỌ́N NÍ OWÓ LỌ̀RỌ̀

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu apá kejì. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìnísà fi ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń kó wọn jáde. Mo sanwó mọ́tò, mo sanwó géètì, mo sanwó ohun gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo fẹ́ padà sí. Bí mo bá sì jáde ní géètì, wọ́n lè ní kí n tún sanwó kí n tó wọlé. Ṣé kí n fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú owó mi?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń gbé òtẹ́ẹ̀lì kò lè mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó ti Ìnísà wá tó fẹ́ padà sílé lálẹ́. Síbẹ̀, mo bi í pé, "Màmá, lọ́sàn-án gangan yẹn, ohun mélòó làwọn ọmọ ń gùn?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìlà la sábà máa ń wà." Ẹ gbọ́! Ọ̀sán ni èrò ń pọ̀ jù, ọ̀sán ni ọmọ ń sunkún jù, ọ̀sán ni ọkọ àti ìyàwó ń pariwo mọ́ra wọn. Wákàtí tí a rò pé a fi ń jẹ owó wa, ìyà la fi ń jẹ.

Èrò tèmi ni pé ká sinmi, ṣùgbọ́n kò pọn dandan ká jáde ní géètì ká tó sinmi. Ẹ tètè gbéra nílé. Ẹ gun ohun tí ẹ fẹ́ gùn láàárọ̀, nígbà tí ìlà ṣì kúrú. Ibi gíga bí Olúmirin, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gùn ún. Kó tó di aago méjìlá, ẹ ti wá ibi tí igi wà, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ bọ́ léèsì lára ọmọ, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ fúyẹ́fúyẹ́. Ẹ jẹun, ẹ mu omi, ẹ pa àlọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Bí ẹ bá ní ẹbí nítòsí, ẹ lọ kí wọn. Bó bá di aago mẹ́ta àbọ̀, ẹ tún dìde. Kẹ́ ẹ sì tó sanwó ní géètì, ẹ bi wọ́n pé, "Bí a bá jáde, ṣé ẹ ó jẹ́ ká tún wọlé?"

Dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Ẹ máa rántí rẹ̀. Ẹ fún un lóúnjẹ, kó lọ sùn lọ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹbí wà lálẹ́.

BÍ OÒRÙN BÁ MÚ ỌMỌ

Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tó kàn dákẹ́ lójijì, ẹ má dúró de ìlà. Ẹ gbé e síbi tútù, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi nù ún, ẹ fẹ́ ẹ. Bí ojú rẹ̀ bá là, tó lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ibi ìgbafẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ gbin igi. Ẹ ṣe ibòji sórí ìlà. Ẹ gbé omi mímu síbi tí ojú ń rí. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ sinmi, kó lè padà láìsan owó ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ní Iléyá ọdún 2025, a tún jáde. Igbó Ọ̀ṣun la lọ, níbi tí igi pọ̀ sí. Nígbà tó di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú ẹní wá láti inú bọ́ọ̀sì, ó kọ́kọ́ tẹ́ ti màmá.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí lẹ rí sí i? Ṣé ẹ ń sinmi ni, àbí ẹ ń bá a lọ? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ọkùnrin àti obìnrin. Bí ẹ bá sì ní mo ṣì í sọ, ẹ kọ ìyẹn náà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde.