Òdòdó Ara Ògiri Di Òǹtẹ̀

Ẹni tó bá ti lé ìwé kiri rí ní Èkó mọ ìró òǹtẹ̀. Ní òpópó Igbosere, ní àyíká ilé ẹjọ́, ẹ ó ti kọ ìwé ìbúra yín, wọn á ti bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ ó ti fọwọ́ sí i, síbẹ̀ kò tíì di ìwé. Ó di ìgbà tí akọ̀wé bá fa páàdì mọ́ra, tó ti igi kékeré kan bọ tàdáwà, tó gbé e sókè: gbàgà! Ìgbà yẹn lẹ tó mí kanlẹ̀. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn. Òǹtẹ̀ ni í parí ọ̀rọ̀, ọwọ́ aláṣẹ ló sì máa ń wà.

Ìdí nìyí tí káàdì kan fi dà mí lọ́kàn rú ní Kérésìmesì ọdún kan. Àǹtí wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London, ló fi ránṣẹ́ sí màmá wa ní Pópó Àgùdà, àdúgbò wa ní Èkó. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àjákù ìwé ìròyìn tí wọ́n fi àwọ̀ omi aró pa lára ni ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lẹ àjákù léèsì funfun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárín ni ẹyẹ kan bà sí, aláwọ̀ wúrà, ara rẹ̀ sì wú sókè lórí ìwé. Ojú màmá wa kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà. Ìka ni wọ́n fi ka ẹyẹ yẹn, láti orí dé ìrù, wọ́n tún padà síbi orí. Mo pe London lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ̀rọ wo lẹ fi ṣe ẹyẹ yìí?"

"Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Òǹtẹ̀ rọ́bà ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lórí tábìlì oúnjẹ."

Òǹtẹ̀? Irú èyí tó wà ní Igbosere? Wọ́n ní irú rẹ̀ gan-an ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, torí ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aláró ibẹ̀ ti mọ ìlàjì iṣẹ́ náà. Nínú àdìrẹ alábẹ́là, wọ́n máa ń fi abẹ gé fóòmù tó nípọn sí àwòrán ewé, ẹja tàbí òṣùpá. Wọ́n á ti ojú fóòmù náà bọ àbẹ́là tó ti yọ́ lórí iná, wọ́n á gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, nígbà ogún, títí àwòrán yóò fi tò lọ bẹẹrẹ. Ibi tí àbẹ́là bá bà kò ní mu aró. Bí wọ́n bá wá fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò, àwòrán á yọjú. Òǹtẹ̀ ni fóòmù yẹn. A kàn máa ń pè é ní fóòmù ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé aláró gbọ́dọ̀ dúró de aró kó tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ bí ẹni tó ń tẹ káàdì bá ṣe ń gbé ọwọ́ kúrò báyìí ni àwòrán ń wò ó.

Àwọn ará Ntonso, nítòsí Kùmásì ní orílẹ̀-èdè Gánà, tún sún mọ́ ti káàdì jù wá lọ. Àfọ́kù igbá ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe òǹtẹ̀ aṣọ adinkra. Wọ́n á tì í bọ omi dúdú tí wọ́n sè láti ara èèpo igi, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ tààrà. Aṣọ adinkra tí òyìnbó kan, Thomas Bowdich, gbà ní 1817 ṣì wà ní British Museum ní London títí di òní. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òyìnbó ni kéèyàn fi òǹtẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dé Ntonso.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ kàn wá ju bí mo ṣe rò lọ. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí èèyàn bá po oje rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tó sì fi iná sí i, kò ní máa yọ́ nínú ooru, kò sì ní máa gan nínú òtútù. Kí 1870 tó pé, wọ́n ti ń fi irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì. Igi rọ́bà tó lókìkí jù lágbàáyé, ọmọ ilẹ̀ Brazil ni, ní ẹkùn odò Amazon. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan, Henry Wickham, ti kó nǹkan bí 70,000 hóró rẹ̀ lọ sí London ní 1876. Ilẹ̀ Brazil yẹn náà ni àwọn Àgùdà tó kọ́ àdúgbò wa ti bọ̀, àwọn da Rocha, Pereira, Medeiros àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n kó ìmọ̀ bíríkìlà àti káfíńtà dé pẹ̀lú ẹrù wọn. Èkó pàápàá sì ní rọ́bà tirẹ̀. Igi ìrẹ́ inú igbó wa ni wọ́n ń pe oje rẹ̀ ní rọ́bà Èkó lókè òkun. Ní 1895, èyí tó gba èbúté Èkó jáde ju 5,000,000 pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ. Wọ́n sá àwọn igi náà lásàájù débi pé láàárín ọdún mélòó kan, àìmọye wọn ti kú sórí ìdúró. Mo máa ń rántí igi wọ̀nyẹn bí mo bá mú òǹtẹ̀ lọ́wọ́.

Orí fóònù ni àǹtí wa ti kọ́ mi níṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n mọ̀ ni tàdáwà. Ọ̀kan wà tó ń wọnú ìwé bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Ó ń yá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ìwé bá fẹ́lẹ́, ó máa ń ràn. Èkejì ń jókòó sójú ìwé bí ọ̀dà ṣe ń jókòó sára ògiri. Èyí kì í tètè gbẹ, àgàgà ní Ìsàlẹ̀ Èkó níhìn-ín, tí atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí aṣọ pàápàá gbẹ lásìkò òjò. Àìtètègbẹ yìí gan-an ló bí ẹyẹ wúrà. Bí wọ́n bá ti tẹ òǹtẹ̀ tán, wọ́n á bu ìyẹ̀fun kan tó kúnná bí àtíkè lé e lórí. Á lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù. Wọ́n á da ìyókù padà sínú ìgò rẹ̀, wọ́n á sì fi irinṣẹ́ kan tó ń fẹ́ ooru sí ìwé náà. Èmi kò ní irinṣẹ́ náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo dojú áyọ́ọ̀nù sókè, mo sì di káàdì mú lókè rẹ̀, láìjẹ́ kó kàn án. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójijì ni ìyẹ̀fun tó rí bí iyanrìn yọ́ láti eteetí kan, ó ń dán lọ bí ìgbà tí epo ń tàn nínú agbada, ó sì di wúrà lójú mi. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí màmá wa fi jáde láti yàrá.

Ohun kejì ni bí nǹkan ṣe ń gun ara wọn lórí. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí ní mixed media, torí pé èlò kan kò dá ṣe é. Ìwé tó le bíi káádíbọ́ọ̀dù ni ìsàlẹ̀. Lórí rẹ̀ ni ọ̀dà, omi tíì, omi aró, ojú ìwé àtijọ́, àjákù aṣọ, okùn, bọ́tìnnì. Ní 1919, ní Hannover ní Jámánì, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kurt Schwitters kó òǹtẹ̀ ọ́fíìsì jọ, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ déètì àti orúkọ ilé iṣẹ́, ó sì fi wọ́n ṣe àwòrán. Ó tún ń ṣa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti àjákù bébà, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ogun àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ tán nígbà náà, àfọ́kù sì kún ilẹ̀ wọn. Bí mo bá wo iṣẹ́ rẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn télọ̀ àdúgbò wa ló ń sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí àjákù ańkárá àti léèsì máa ń dùbúlẹ̀ sí kí wọ́n tó gbá a. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa tèmi báyìí. Mo máa ń tọrọ, wọ́n sì máa ń fún mi.

Ìkìlọ̀ kan péré ni ó wà níbẹ̀: òǹtẹ̀ ń fẹ́ ojú tó tẹ́jú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lẹ bọ́tìnnì. Èmi kọ́kọ́ ṣe òdìkejì rẹ̀, odidi ìdì káàdì kan ló sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwòrán tí mo fẹ́ kò sí ní ọjà kankan. Lára ilé ló wà. Ẹ gba Pópó Àgùdà kọjá lọ́jọ́ Àìkú tí ọkọ̀ kò pọ̀, ẹ gbé ojú sókè: òdòdó sìmẹ́ǹtì lókè fèrèsé, ewé àjàrà tó ká mọ́ òpó, irin tí wọ́n tẹ̀ bíi gèlè lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey ní òpópó Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọwọ́ kan náà tó ń ṣe òdòdó sí ilé onígbàgbọ́ ló ṣe é sí ilé Ọlọ́run àwọn mùsùlùmí. Nǹkan wọ̀nyí ń lọ. Ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tó wà ní gbàgede Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, wà lára àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ilé tó kọjú sí tiwa ní òdòdó kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní ewé mẹ́fà, ọwọ́ sì lè tó o. Mo gba àyè lọ́wọ́ bàbá onílé, mo na bébà fẹ́lẹ́ lé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù rà á títí gbogbo ìlà rẹ̀ fi jáde. Mo gbé e tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe òǹtẹ̀ létí títì.

"Àǹtí, ilé iṣẹ́ wo ló ni í?"

"Kò sí ilé iṣẹ́. Káàdì Kérésìmesì ni mo fẹ́ fi ṣe."

Ó tún wò ó. "Ṣé ẹ kò fẹ́ àyè déètì nísàlẹ̀ ni?"

Ó bá mi ṣe é. Ó tẹ àwòrán náà sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, dúdú rẹ̀ di funfun, funfun rẹ̀ di dúdú. Ó da oje kan tó ki lé e, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá le koránkorán, ó fi omi fọ ìyókù lọ. Ó tẹ èyí àkọ́kọ́ sórí ìwé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n jọ̀ọ́, kí òun mú ọ̀kan. Ó lẹ̀ ẹ́ sójú pátákó rẹ̀, láàárín PAID àti RECEIVED.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ṣòro díẹ̀. Òǹtẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń tà lókè òkun kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àmì ohùn. Mo lè fi orí igi ìtayín tọ́ àmì sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe, torí ẹni tí mo fẹ́ kí ọkọ rẹ̀, n kò ní kí ọkọ̀ fún un. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gé lẹ́tà tèmi láti ara írésà àti àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó. Èèyàn gbọ́dọ̀ gé e ní òdìkejì, bí ìgbà tí a ń wo ara wa nínú dígí. "Ẹ kú ọdún" gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Táàgì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rẹ́ igun rẹ̀ méjì, tí a lu ihò sí lórí, tí a ki okùn bọ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n lára ẹrù ní ibùdókọ̀ àti lára aṣọ ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀. Ní ilé wa, Ọjọ́ Ẹtì Rere ló wúlò jù. Ọjọ́ náà ni a ń se frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí a ń gbé e fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, tí àwọn náà ń gbé tiwọn bọ̀. Tẹ́lẹ̀, àwo máa ń pa dà sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní báyìí, kúlà kọ̀ọ̀kan ní táàgì tirẹ̀ lọ́rùn, òdòdó ewé mẹ́fà lápá kan, orúkọ ìdílé lápá kejì. Wọ́n máa ń dá àwo pa dà, wọ́n á sì mú táàgì sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan nínú Bíbélì ìyá àgbà kan, níbi tí wọ́n ka ìwé dé.

Oòrùn ojú fèrèsé ti jẹ́ kí òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan, ó sì là láàárín. Mo gé òmíràn lọ́dún tó kọjá. Ògiri tí mo fi bébà rà nígbà náà kò sí mọ́. Ilé náà ti di àyè tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Mo rìn lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin aṣòǹtẹ̀, mo ní kó jọ̀wọ́ yọ èyí tó lẹ̀ mọ́ pátákó rẹ̀ yá mi, torí òun nìkan ló tẹ̀ jáde láìní àbùkù. Ó fi abẹ yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi í sáàárín ìwé kó má baà ká. Èyí ni mo wò gé èkejì, mo sì dá a pa dà fún un lọ́jọ́ kẹta.